Bí a ṣe lè dín iná tí ń ta lára aṣọ pọliẹ́sítà àti náílọ́ọ̀nù kù

Lásìkò ọyẹ́, láti ìparí oṣù kọkànlá títí di àárín oṣù kẹta, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń gba ọ̀rinrin lára ohun gbogbo, títí kan ètè àti gìgísẹ̀ ènìyàn. Àsìkò yìí gan-an ni kaba ṣífọ́ọ̀nù máa ń lẹ̀ mọ́ itan ẹni tó wọ̀ ọ́, tí híjáàbù máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò máa ń sún sókè mọ́ ìbọ̀sẹ̀. Bí ènìyàn bá sì bọ́ súwẹ́tà rẹ̀ lálẹ́ nínú òkùnkùn, yóò gbọ́ bí ó ṣe ń ta pàrà-pàrà, yóò sì rí iná tín-ín-tín tí ń kọ mànà lára rẹ̀. Àwọn kan a máa rò pé ohun abàmì ni. Kì í ṣe ohun abàmì rárá. Iná mànàmáná ni, irú èyí tí kì í ṣàn gba inú wáyà, tí ń kóra jọ sójú kan lára aṣọ títí tí yóò fi rí ọ̀nà jáde. A lè dín in kù púpọ̀, ọ̀pọ̀ ohun tí a ó sì lò ló wà nílé wa tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ń fà á, kí a má baà máa náwó sórí ohun tí kò ní ṣiṣẹ́.

Ohun tó ń fà á

Nígbàkígbà tí ohun méjì tí kò jọra bá fara kan ara wọn tí wọ́n sì tún yà, ọ̀kan a máa gba ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù, ìyẹn èérún tín-ín-tín tí ń gbé iná mànàmáná, lára èkejì. Èyí tó gbà á yóò ní àníjù, èyí tó pàdánù rẹ̀ yóò ní àìtó, àwọn méjèèjì yóò sì máa fa ara wọn mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí aṣọ fi ń lẹ̀ mọ́ni. Bí ìfarakanra náà bá di ìfira, bí ó ti máa ń rí nígbà tí a bá ń rìn tàbí tí a bá dìde lórí àga, ohun tí ń kóra jọ yóò pọ̀ sí i. Bí omi díẹ̀ bá wà lára aṣọ, iná náà yóò gba ojú omi náà lọ kí ó tó pọ̀, a kò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Bí kò bá sí omi, kò ní rí ibi tí yóò gbà lọ.

Ibi tí aṣọ ti yàtọ̀ sí aṣọ nìyí. Nínú afẹ́fẹ́ tí ọ̀rinrin rẹ̀ tó ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún, aṣọ òwú a máa fa omi mọ́ra tó nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀, viscose, ìyẹn aṣọ tí wọ́n ń ṣe láti ara igi, a fa tó ìdá 11 sí 13, irun àgùntàn a sì fa tó bíi ìdá 16. Náílọ́ọ̀nù kì í fà ju nǹkan bí ìdá 4 lọ. Ti pọliẹ́sítà kò tó ìdá kan pàápàá. Nǹkan bí 0.4 péré ni. Nítorí náà ni aṣọ òwú kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ wá lẹ́nu, tí pọliẹ́sítà sì ń yọ wá lẹ́nu bí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ. Irun àgùntàn pàápàá, pẹ̀lú gbogbo omi tó lè fà, a máa ta iná bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá lọ sílẹ̀ gan-an, nítorí kò sí omi tí yóò fà mọ́.

Ohun kejì tó ṣe pàtàkì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí, ni aṣọ tó wà lábẹ́ aṣọ. Pọliẹ́sítà jẹ́ ohun tí ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù. Náílọ́ọ̀nù, irun àgùntàn, irun orí àti awọ ara ènìyàn jẹ́ ohun tí ń yọ̀ǹda rẹ̀. Bí obìnrin bá wọ yẹ̀rì náílọ́ọ̀nù sábẹ́ kaba pọliẹ́sítà, ó ti fi afúnni àti agbani sí ojú kan náà, gbogbo ìṣísẹ̀ rẹ̀ ni yóò sì máa dá kún iná tó wà láàárín wọn. Lójú tèmi, yẹ̀rì yìí ló ń fa ìdajì wàhálà tí à ń dá kaba lẹ́bi fún.

Bí ẹ bá ti wọ aṣọ tán tí ó ń lẹ̀ mọ́ yín

Ẹ bu omi díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ gbọn ọwọ́ náà títí tí omi kò fi ní kán sílẹ̀ mọ́, ẹ gbé etí kaba sókè, kí ẹ sì fi ọwọ́ tútù yìí ra ara yẹ̀rì láti ìbàdí títí dé orúnkún. Ara yẹ̀rì ni kí ẹ rà, kì í ṣe ojú aṣọ òde, nítorí ibi tí aṣọ méjèèjì ti ń fira ni iná wà, àti pé omi a máa fi ojú hàn lára sátíìnì àti sẹ́dá bó ti wù kí ó kéré mọ. Ìpara ọwọ́ tí kò ní òróró púpọ̀ a máa ṣiṣẹ́ jù omi lọ, nítorí kì í tètè gbẹ: ẹ fi èyí tó tó orí èékánná pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ẹ dúró kí ó wọ awọ ara, lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi ọwọ́ ra yẹ̀rì àti ẹsẹ̀ yín.

Bí hángà onírin bá wà nítòsí, èyí tí wọn kò fi rọ́bà bò, ẹ di ìdí rẹ̀ mú ṣinṣin, kí ẹ sì fà á wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín kaba àti yẹ̀rì, níwájú àti lẹ́yìn. Irin náà yóò máa gba iná ara aṣọ, yóò sì máa gbé e wá sí ara yín, tí ó tóbi tó láti gbà á láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n lára. Ojú ẹsẹ̀ ni ẹ ó rí i tí aṣọ náà tú sílẹ̀. Àmọ́ kì í pẹ́ títí. Bí ẹ bá ti rìn jìnnà, iná mìíràn yóò ti kóra jọ. Àwọn kan tún máa ń fi píìnì onírin sí inú ìṣẹ́po etí kaba. Ó ń ran ni lọ́wọ́ díẹ̀, pàápàá bí irin rẹ̀ bá ń kan ara, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan.

Fún ẹni tí yóò wà nínú irú aṣọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó dára kí ó tọ́jú ike ìfọ́nmi kékeré kan sínú báàgì rẹ̀. Ẹ fi gilisẹ́rìnì tó kún ṣíbí tíì kan sínú omi lítà kan, ẹ mì í pọ̀ dáadáa, ẹ bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sí ike náà, kí ẹ sì máa fọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́ sí inú aṣọ láti òkèèrè tó bí apá kan. Gilisẹ́rìnì a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, èyí tí pọliẹ́sítà kò lè ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi ìṣẹ́po inú, kí ẹ dúró kí ó gbẹ, kí ẹ wò ó bóyá ó fi àpá sílẹ̀.

Fífọ̀ àti sísá

Omi ìmú-aṣọ-rọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Comfort láìka orúkọ tó wà lára ike rẹ̀ sí, ni ohun tó dára jù lọ láti fi kọjú ìjà sí iná yìí nígbà tí a bá ń fọṣọ. Èròjà inú rẹ̀ a máa dì mọ́ ojú fọ́nrán aṣọ bí ìbòrí tín-ín-rín, apá kan rẹ̀ a máa fa omi mọ́ra, fọ́nrán a sì máa yọ̀ lórí fọ́nrán láìfira púpọ̀. Ẹni tó ń fi ọwọ́ fọṣọ gbọ́dọ̀ kíyè sí bí ó ṣe ń lò ó. Ẹ fọ aṣọ, kí ẹ sì ṣàn án títí tí kò fi sí ìfófòó ọṣẹ mọ́, nítorí ọṣẹ tó kù lára aṣọ kì í jẹ́ kí èròjà yìí ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ bu omi tó mọ́ sínú bàsíà mìíràn, ẹ da ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ike sínú omi náà, ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ tó wá ki aṣọ bọ inú rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má ṣe da á sórí aṣọ tààrà, nítorí a máa fi àpá bí àpá òróró sí ara pọliẹ́sítà. Ẹ fún aṣọ náà fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì sá a. Ẹ má ṣe ṣàn án mọ́.

Àwọn aṣọ kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ lò ó fún. Aṣọ eré ìdárayá kò ní lè fa òógùn mọ́ bí ìbòrí yẹn bá pọ̀ lára rẹ̀. Aṣọ ìsùn ọmọdé tí wọ́n fi èròjà adènà-iná sí, irú èyí tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà, kò fẹ́ ẹ rárá, nítorí ó lè sọ agbára èròjà náà di aláìlágbára. Àlàyé yìí sábà máa ń wà lára lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Fún aṣọ eré ìdárayá, ẹ lè fi fínígà funfun, ìyẹn ọtí kíkan, tó nǹkan bí ìdajì ife tíì sínú bàsíà omi ìṣanṣọ ìkẹyìn. Ó máa ń ṣan ìyókù ọṣẹ kúrò, aṣọ a sì rọ̀ díẹ̀, bí kò tilẹ̀ lágbára tó omi ìmú-aṣọ-rọ̀. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ka ìwé yìí fi sọ́kàn: ẹ má ṣe jẹ́ kí fínígà àti oògùn ìfọṣọ-funfun bíi Jik tàbí Hypo pàdé nínú bàsíà kan náà láé. Afẹ́fẹ́ chlorine ni yóò jáde láti inú rẹ̀, májèlé sì ni fún ẹ̀dọ̀fóró.

Aṣọ pọliẹ́sítà kì í pẹ́ gbẹ lásìkò ọyẹ́. Ẹ sá a lọ́tọ̀, kí ó má máa na ara mọ́ aṣọ onírun àgùntàn, kí ẹ sì ká a wọlé nígbà tí ibi ìṣẹ́po rẹ̀ ṣì tutù díẹ̀, kí ẹ fi kọ́ sínú ilé kí ìyókù gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà tí ẹ ń lo ẹ̀rọ ìgbẹṣọ, ibẹ̀ gan-an ni iná ti ń wọ aṣọ yín jù, nítorí gbogbo aṣọ ń fira wọn nínú ooru gbígbẹ bí ìlù ẹ̀rọ náà ti ń yí. Ẹ ya pọliẹ́sítà sọ́tọ̀ kúrò lára òwú, ẹ lo ooru kékeré, kí ẹ sì kó o jáde kí ó tó gbẹ tán.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ̀ ọ́, ẹ lo áyọ́ọ̀nù tí ń tú oru omi jáde, tàbí kí ẹ fi aṣọ òwú tútù tẹ́ ojú rẹ̀. Àmì tó-tó ẹyọ kan nínú àwòrán áyọ́ọ̀nù tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì aṣọ túmọ̀ sí pé ooru kò gbọ́dọ̀ ju 110°C lọ, méjì jẹ́ 150°C, mẹ́ta jẹ́ 200°C. Èyí tó ní méjì ló wọ́pọ̀ lára pọliẹ́sítà, èyí tó ní ẹyọ kan ló wọ́pọ̀ lára náílọ́ọ̀nù.

Lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta aṣọ àti lọ́dọ̀ télọ̀

Gbogbo ohun tí mo ti sọ títí di ibi yìí, ìtọ́jú ni. Ìdènà wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ra aṣọ àti ẹni tó ń rán an, níbẹ̀ sì ni ó yẹ kí a fi ọkàn sí jù lọ, nítorí ìpinnu kan ṣoṣo tí a bá ṣe kí wọ́n tó gé aṣọ yóò gbà wá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọdún ìyọlẹ́nu.

Orúkọ tí wọ́n fi ń pe aṣọ lọ́jà kì í sọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Nínú léèsì tí wọ́n ń ṣe ní agbègbè Vorarlberg ní Austria, tí ó ti ń wọ Nàìjíríà láti àwọn ọdún 1960, a rí èyí tó jẹ́ òwú gidi tí wọ́n fi ẹ̀rọ ya ọnà sí, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú léèsì onínẹ́ẹ̀tì tó kún ọjà lónìí, pọliẹ́sítà tàbí náílọ́ọ̀nù ni. Àǹkárá tó dára jẹ́ òwú, síbẹ̀ ayédèrú rẹ̀ tí a fi pọliẹ́sítà ṣe wà, ojú ọnà wọn a sì máa jọra. Aṣọ tí àwọn ọkùnrin fi ń rán senator sábà máa ń jẹ́ àdàlù pọliẹ́sítà àti viscose. Bí viscose bá ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀ ni iná rẹ̀ yóò ṣe dín kù tó.

Ọ̀nà tí àwọn aránṣọ fi ń mọ̀ ọ́n rọrùn. Ẹ fa fọ́nrán díẹ̀ yọ láti etí aṣọ náà, ẹ fi ohun èlò onírin bí ẹ̀mú dì í mú lókè abọ́ irin tí omi wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì ṣáná sí i. Bí ó bá jẹ́ òwú gidi, yóò gbaná kíá, òórùn rẹ̀ yóò dà bí ti ìwé tó ń jó, eérú rẹ̀ yóò sì funfun díẹ̀, yóò kúnná bí ẹ bá fi ìka rà á. Pọliẹ́sítà yóò kọ́kọ́ súnkì kúrò níwájú iná, yóò yọ́, yóò rú èéfín dúdú, ohun tí yóò sì kù lẹ́yìn tí ó bá tutù ni kókó dúdú líle kan tí kò ṣeé fọ́ lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí eérú àti kókó líle pọ̀, àdàlù ni. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan kókó náà nígbà tó bá gbóná, nítorí yóò lẹ̀ mọ́ awọ, yóò sì bó o. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ènìyàn wọ aṣọ pọliẹ́sítà alápá gbọ̀ọ̀rọ̀ dá iná oúnjẹ.

Bí ẹ bá ti mọ̀ pé pọliẹ́sítà ni aṣọ òde, ẹ má sọ ọ́ nù. Ó ní ẹwà tirẹ̀, kì í sì í tètè ṣá. Láìnì rẹ̀ ni kí ẹ mójú tó. Ẹ sọ fún télọ̀ kí ó tó lọ ra ohun èlò, nítorí bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan, láìnì pọliẹ́sítà dídán yẹn ni yóò rà, òun ló pọ̀, òun náà ló sì rọ̀ lówó. Ẹ ní kí ó lo òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí viscose. Àwọn méjèèjì dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò rí bákan náà: òwú a máa gba òógùn dáadáa, ó sì yẹ kaba gbàgẹ̀rẹ̀ àti bùbá, viscose ń yọ̀ jù ú lọ, nítorí náà òun ni mo fara mọ́ fún síkẹ́ẹ̀tì tó fún ara, tí òwú lè máa dì mọ́ nígbà tí a bá ń rìn. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, kí télọ̀ rẹ láìnì náà sínú omi kí ó sì sá a gbẹ kí ó tó gé e. Òwú àti viscose a máa súnkì nígbà àkọ́kọ́ tí omi bá kàn wọ́n, pọliẹ́sítà kì í sì í súnkì. Bí wọ́n bá rán wọn pọ̀ láìrẹ ẹ́, láìnì yóò kúrú lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́, yóò sì fa ìsàlẹ̀ kaba sókè wọ́nkọ-wọ̀nkọ.

Fún aṣọ tí wọ́n ti rán tẹ́lẹ̀, yẹ̀rì tàbí tọ̀bí òwú yóò ṣe iṣẹ́ kan náà, fílà òwú pélébé lábẹ́ híjáàbù pọliẹ́sítà yóò sì dá ààbò bo irun. Àwọn ọkùnrin lè wọ síńgílẹ́ẹ̀tì àti ìbọ̀sẹ̀ òwú.

Ara, bàtà àti ilé

Awọ ara tó gbẹ wà lára ohun tí ń dá iná sílẹ̀. Ẹ fi òrí tàbí ìpara pa ara nígbà tí ara ṣì tutù lẹ́yìn ìwẹ̀, kí ẹ sì fún un láyè kí ó wọra kí ẹ tó wọ aṣọ, nítorí àbààwọ́n òróró ṣòro láti fọ̀ kúrò lára pọliẹ́sítà. Bàtà onírọ́bà kì í jẹ́ kí iná ara lọ sínú ilẹ̀. Èyí tí ìdí rẹ̀ jẹ́ awọ sàn jù ú lọ, bí a bá sì wà nílé, kí a fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ sìmẹ́ńtì dára gan-an. Kí ènìyàn tó mọ ìtapa iná yìí lára, agbára rẹ̀ ti tó nǹkan bí 3,000 volt, ṣùgbọ́n iye tó kóra jọ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè pani. Bí ìlẹ̀kùn onírin bá ń ta yín lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ tí ẹ dì mú kàn án. Iná náà yóò gba ẹnu kọ́kọ́rọ́ jáde dípò ìka yín.

Ẹ̀rọ amúlétutù ọ́fíìsì a máa gba omi inú afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ooru tí wọ́n ń tàn sínú ilé nígbà òtútù ní òkè òkun máa ń jẹ́ kí ilé gbẹ. Bí ọ̀rinrin inú yàrá bá wà láàárín ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún, ìṣòro yìí yóò dín kù púpọ̀. Bí ó bá ju ìdá 60 lọ, èbu lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Táwẹ́ẹ̀lì tútù tí a fi kọ́ sínú yàrá máa ń ṣèrànwọ́.

Nítòsí epo bẹntiróòlù

Níbi gbogbo yòókù, ìyọnu lásán ni iná ara aṣọ. Nítòsí epo bẹntiróòlù, ewu ni, nítorí oru epo lè gbaná láti ara ìtapa kékeré tí a kò tilẹ̀ rí. Ẹ má ṣe bọ́ súwẹ́tà tàbí ìborùn níbi tí wọ́n bá ti ń rọ epo. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń rọ epo kò gbọ́dọ̀ padà wọlé kí wọ́n tó parí, nítorí aṣọ rẹ̀ yóò fira àga, yóò sì gbé iná tuntun jáde. Bí ó bá pọn dandan kí ó wọlé, kí ó fi ọwọ́ lásán kan irin ara ọkọ̀ náà níbi tó jìnnà sí ẹnu táǹkì kí ó tó tún sún mọ́ ibẹ̀. Kí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀ sórí ilẹ̀ kí wọ́n tó rọ epo sí i, kì í ṣe nínú búùtù, kì í ṣe lórí ọ̀kadà. Bí iná bá ràn, ẹ má ṣe fa ẹnu ẹ̀rọ epo náà yọ. Ẹ sá kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì ké sí àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà.

Nílé, kí ẹ tó rọ epo sí jẹnẹrétọ̀, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ wọ aṣọ òwú lọ síbẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan irin ara rẹ̀ tí kò ní ọ̀dà kí ẹ tó ṣí ìdérí kẹ́ẹ̀gì.